Eré Òwúrọ̀ Tó Lé Abereke Jáde Nílé

Aago mẹ́rin àárọ̀ ku díẹ̀ ni mo kúrò ní Àkúrẹ́, ikùn mi ló sì ṣíwájú mi jáde. Dókítà ti wò mí, ó mi orí, ó ní kí n dín oúnjẹ kù, kí n máa mu omi, kí n sì máa sáré láràárọ̀. Olú, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé, tó jẹ́ apẹja ní Abereke, gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó ní, "Tísà, wá jẹ ẹja tútù fún ọjọ́ mẹ́ta, ikùn yẹn á sálọ." Mo di ẹrù mi: bàtà eré ìje funfun, kùkúńbà mẹ́fà, ike ọ́ọ̀tì kan, ọkà òyìnbó tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí ènìyàn sanra, àti òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ara mi. Ìyàwó mi bi mí bóyá mo fẹ́ lọ ṣí ilé ìwòsàn ni.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni bọ́ọ̀sì gbà dé Igbókọ̀dá. Ọ̀nà dára dé Oǹdó, ó bàjẹ́ kí a tó dé Òkìtìpupa, kòtò inú rẹ̀ sì gún ọ́ọ̀tì mi kúnná. Ní Igbókọ̀dá ilẹ̀ tán, ó ku omi. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó gbé wa gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Bí a ṣe ń lọ ni àwọn ọkọ̀ mìíràn ń pàdé wa, agbọ̀n ẹja kún inú wọn, ọjà ni wọ́n ń gbé e lọ. Mo bi awakọ̀ wa bóyá ẹja á ṣì kù fún mi níwájú.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ará òkè lẹ ń jẹ ẹ́," ó ní. "Àwa ń pa á ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ilé orí òpó ni wọ́n ń gbé ní Abereke, afárá pákó ló so ilé kan mọ́ èkejì, òkun sì wà níwájú gbogbo wọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, omi tútù la fi ń pàdé àlejò. Níbẹ̀, ohun tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀yẹ. Ìyá Tóyìn, ìyàwó Olú, gbé mínírà méjì àti abọ́ núdùsì kan síwájú mi, ó sì kúnlẹ̀ kí mi. Olú kò dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n ti sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ni, mínírà sì wà lọ́wọ́ òun náà.

Mo bá dìde dúró, mo wàásù. Mo sọ̀rọ̀ ṣúgà, mo sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́, mo sọ̀rọ̀ ẹja àti eré ìdárayá, ikùn mi ń bá mi tẹnu mọ́ ọn. Ìyá Tóyìn fetí sílẹ̀ dé òpin. Èdè Ìlàjẹ ló fi dá mi lóhùn, mo yí i sí èyí tí gbogbo wa gbọ́: "Tísà, omi ibí oníyọ̀ ni. Ẹgbẹ̀rún náírà ni àpò omi inú ọ̀rá kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tí a bá jẹ ẹja, kí ni a ó fi ra omi?" Mo jẹ kùkúńbà mi, mo lọ sùn.

Ní ìdájí, mo wọ bàtà funfun mi, mo bọ́ sórí afárá. Gbì, gbì, gbì. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin kan sáré jáde tòun ti ìkòkò, ọkùnrin kan ru bẹ́ẹ̀dì, òmíràn gbé ewúrẹ́ mọ́ àyà pẹ̀lú pátá nìkan nídìí. Mo rò pé ìwàásù mi ti wọ ìlú lára, pé wọ́n jáde wá bá mi ṣe eré ìdárayá. Mo juwọ́ sí wọn, mo tún fi kún eré.

Bàbá arúgbó kan fi àjẹ̀ ọkọ̀ dá mi dúró. "Níbo ló ti ya wọlé?"

"Kí ni, sà?"

"Òkun."

Òkun ti gbé ilé lọ níbẹ̀ rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni kì í sáré lórí pákó ní ìdájí àfi tí omi bá ń lé e. Mo ṣàlàyé fún bàbá pé mo fẹ́ kí oúnjẹ dà ni. Ó wo bàtà mi, ó wo ikùn mi. "Ọmọ mi," ó ní, "dín in kù nínú abọ́, kí àwa lè rí oorun sùn."

Mo yára padà sílé kí n fi ṣe ẹ̀rín fún Olú. Mo bá Ìyá Tóyìn lórí àkàbà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ilé wọn síbi ọkọ̀. Ó ti ju àpò ìwé àti aṣọ sínú ọkọ̀ wọn, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá ọkọ rẹ̀, ó ń fà á. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló kù sí ọkọ̀, ẹsẹ̀ Olú kò sì gbé e. "Máa lọ," ni Olú ń sọ. "Mo ní kí o máa lọ." Obìnrin náà tún dì í mú, ó ń fà á. Nígbà tí mo sọ pé èmi ni mo ń sáré, pé kò sí òkun kankan, ó jókòó sórí pákó, ó sunkún. Ojú tì mí débi pé mo bọ́ bàtà náà. Ẹ̀rù sì bà mí, torí òkun ṣì wà níbẹ̀, kò sì ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó dé.

Ìyá Tóyìn kò bá mi jà. Ó nu ojú, ó gbé kéréètì mínírà padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi gba omi. Ó mú ẹja méjì tó tóbi jù nínú èyí tó fẹ́ yan fún ọjà, ó sè wọ́n. Olú bínú, ó ní ta ló ń jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ láìṣe ọdún.

"Bàbá Tóyìn, ọdún là ń ṣe," ó ní. "O ṣì wà láàyè."

Ọjọ́ mẹ́ta mi di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a di Olú mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, a dì í mú gòkè, ó sì ń bú mi ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹja, ẹ̀fọ́ tí ọkọ̀ ń gbé wá, àti òkèlè púpurú tí kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ lọ ni Ìyá Tóyìn ń fún un. Púpurú ni ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n rọ róbótó, tí wọ́n yan lórí iná kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ tèmi. Òṣùwọ̀n mi fi hàn pé mo ti wúwo sí i.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, orí àga ni Olú ti kí mi pé ó dàbọ̀. Ó ní òun kò lágbára àkàbà lọ́jọ́ náà, mo sì fi ìbànújẹ́ wọkọ̀.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí mo dé Àkúrẹ́. Mo pe Olú kí n sọ fún un pé mo ti délé, ìyàwó rẹ̀ ló gbé e. Ó ní ọkọ òun wà nísàlẹ̀ nínú ọkọ̀, pé ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó dì í mú, pé ó sì kọ̀ kò gòkè wá jẹun.

"Tísà," ó ní, "tí òkun bá dé báyìí, a ó jọ sá lọ ni."

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gun òṣùwọ̀n, mo rò pé nítorí ara mi nìkan ni wọ́n ṣe ní kí n ṣọ́ ẹnu mi. Mo wo ìyàwó mi níbi tó ti ń tú ẹrù mi. Mo mọ̀ dájú pé, bí ewu bá dé, kò ní sá fi mí sílẹ̀. Mo ní kí ó bu iyán mi ní ìdajì.