Fírémù Ara Ògiri Àlájì

Iṣẹ́ fírémù ni mo fi tọ́ ọmọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo ṣe fírémù fọ́tò fún ní Challenge n'Ílọrin tí mo gbàgbé orúkọ ẹ̀. Gbogbo wọn ló wà lẹ́nu mi dòní. N ò ní dárúkọ ẹnì kan níbí, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ti ọmọ mi ló máa kọ́kọ́ jáde, n ò sì tíì lè pè é kí ohùn mi má yẹ̀.

Ó ku díẹ̀ ká wọ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì nígbà tí ọmọ mi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó ra kọ̀ǹpútà kan, ó fa laìnì tẹlifóònù, ó ní òun á máa bá àwọn oníṣòwò tọ́jú sáìtì wọn lórí intanẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó là á yé mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ mú un bí ilé. Mo gba ilé ńlá kan l'Ámẹ́ríkà, mo wá ń fi yàrá ibẹ̀ háyà fún àwọn ará Ìlọrin. Ẹni tó wà nílùú ọba á kan ilẹ̀kùn, á rí ọjà wọn."

"Tí ayálégbé ò bá wá san ńkọ́?"

"Onílé á lé gbogbo wa."

Àlájì kan tó ń ta òfì ni oníbàárà ẹ̀ àkọ́kọ́. Àlájì sanwó tán, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ohun tí òun rà. Ọmọ mi tan kọ̀ǹpútà, iná lọ. Lọ́jọ́ kejì, laìnì ò wọlé. Ni ọmọ mi bá tẹ ojú ìwé sáìtì náà jáde sórí pépà, òfì aláàrì rèé, orúkọ Àlájì gàdàgbà lókè, ó ní kí n bá òun ṣe fírémù sí i. Igi tó dáa ni mo lò. Àlájì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Mẹ́kà ẹ̀. Látìgbà náà, kò sí oníbàárà ọmọ mi tí kò béèrè fírémù.

Ọdún yípo. Ìlú ti le. Náírà ń já, dọ́là ń gòkè, dọ́là sì ni onílé Ámẹ́ríkà ń gbà. Epo ò sí, ọmọ mi á tò fún un láti àárọ̀ nítorí jẹnẹrétọ̀. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò jáde, kò sẹ́ni tó ń ra òfì ìgbéyàwó. Mo tẹ̀ lé ọmọ mi lọ bá Àlájì.

"Owó kí ni, ọmọ mi?"

"Ti ọdún tuntun ni, Àlájì. Tí a ò bá san án, wọ́n á yọ sáìtì yín kúrò."

Àlájì wo ògiri, ó wò mí. "Bàbá onífírémù, ṣé ìṣó yín ò dáa ni?"

"Ìṣó mi dáa, Àlájì."

"Ta ló wá fẹ́ yọ ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Fọ́tò Mẹ́kà mi nìyí. Wàláì, ẹni tó yà á ti kú. Ṣé àwọn ọmọ ẹ̀ ń wá gbowó lọ́dọọdún?"

Kì í ṣe ahun. Ọwọ́ ẹ̀ ló gbẹ. Ó ṣe àdúà fún wa títí, a sì ṣe àmín.

Ọ̀rọ̀ kan náà la bá níbi gbogbo. Fírémù ti wà lára ògiri, wọ́n ti gba ohun tí wọ́n rà. Ọmọ mi á ṣàlàyé, èmi á dúró tì í bí òpó. Mo mọ igi í rẹ́, mo mọ díńgí í gé. N ò mọ gbólóhùn kan tí mo lè fi tì í lẹ́yìn.

Onílé Ámẹ́ríkà lé gbogbo wọn, sáìtì wọn pa rẹ́. Ọmọ mi ta kọ̀ǹpútà, ó lọ ń kọ́ni ní Òkè-Oyi, ibẹ̀ ló wà títí àìsàn fi mú un lọ lọ́dún tó kọjá.

Àlájì wá bá mi kẹ́dùn. Nígbà tí mo lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo rí i pé fírémù yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àwọ̀ òfì ti ṣá. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ mi ló ṣe é.

Àlájì ní, "Ẹ gbé e lọ, Bàbá. Tiyín ni."

Mo yọ ọ́ lórí ìṣó, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá délé, ta ni yóò máa rí i? Mo dá a padà. Mo fi etí aṣọ nu díńgí ẹ̀, mo gbé e kọ́, mo sì dì í mú díẹ̀ títí tó fi dúró.