Èémí Òmùwẹ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ní Ṣómólú, mi ò sì fẹ́ràn aláìsàn tó ń fọ́nnu. Àpẹ́ńdíìsì ló gbé ọkùnrin yìí wá, inú ń run ún burúkú, síbẹ̀ ẹnu ẹ̀ ò dákẹ́. Yanrìn ló ń bù nísàlẹ̀ ọ̀sà ní Bàrígà. Á gbé garawa dání, á rì wọ abẹ́ omi, ó dìgbà tí garawa bá kún kó tó jáde.

"Mọ́mì, mo lè kà dé ọgọ́rùn-ún lábẹ́ omi kí n má mí o!"

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́," ni mo dá a lóhùn. "Lọ́dọ̀ tiwa níbí, mímí là ń fẹ́."

Ìyàwó ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ tì í wọlé, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi mú un jáde o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ wọ́ọ́rọ́. Ó ti ń fúnra ẹ̀ mí, ó ti ń la ojú díẹ̀díẹ̀, ni dókítà tó fún un lóògùn oorun bá yọ rọ́bà tó wà lọ́fun ẹ̀. Àfi bí ọ̀gbẹ́ni ṣe pa ẹnu dé, tó di eyín pọ̀, tí àyà ẹ̀ ò gbéra mọ́. Ẹ̀rọ kékeré tó wà níka ẹ̀, tó ń sọ bí ọ́síjìn ara ẹ̀ ṣe tó, kúrò ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ó di àádọ́rùn-ún, ó di mẹ́rinlélọ́gọ́rin.

"Mí! Mí sínú!" Dókítà gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè, ó fi ìbomú ọ́síjìn bò ó. Kò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún ìyàwó ẹ̀ níta? Mo tún wo ojú ẹ̀ dáadáa. Kò jọ ojú ẹni tó ń kú. Ojú ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ìlàjẹ ni wá, etí omi Bàrígà ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ló sì ń wa ọkọ̀ fáwọn tó ń bu yanrìn. Bí ẹnì kan bá pẹ́ jù nísàlẹ̀, bàbá mi kì í pariwo. Ta ni yóò gbọ́? Àjẹ̀ ló fi ń kan ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ó tó, jáde.

Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo fi kan irin bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀. Kó, kó, kó.

"Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe?" Dókítà ò tíì sọ ọ́ tán tí ọkùnrin náà fi tu èémí jáde fùù, tó sì fa òmíràn wọlé tí aṣọ tó bò ó gbéra sókè. Ó tún mí. Àádọ́rùn-ún. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo jókòó, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi.

Nígbà tó jí tán ní wọ́ọ̀dù, ìyàwó ẹ̀ gbá a mọ́ra, èmi náà dúró kó dúpẹ́. Ó wò wá yíká, ó fajú ro.

"Ta ló kan ọkọ̀?" ló bi wá. "Garawa mi ò mà tíì kún!"