Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tí Afọwọ́wọ̀n Kì Í Dé

Mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Afọwọ́wọ̀n. Orúkọ náà kò dùn ún, kò sì dùn mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí ohun tí kì í fi ọwọ́ wọ̀n. Bí wọ́n bá gbé mọ́tò tó gbóná wá, á fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, á ka ení, èjì, ẹ̀ta, á ní, "Ó ti pọ̀ jù," tàbí, "Kò tíì tó nǹkan." Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yi bí awọ bàtà.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Mọ́tò méjì ló gbà, ẹ̀kẹta á fi ìdí síta. Epo ti sọ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ di dúdú, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi ọ̀dà funfun ya àwòrán sípánà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí èyí tó bá sọnù lè fi àyè ara rẹ̀ hàn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù nilé wà. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe búrẹ́dì. Láràárọ̀, òórùn búrẹ́dì àti òórùn epo á pàdé lójú ọ̀nà, wọn kò sì bára wọn jà rí. Bí tọkọtìyàwó náà ṣe rí nìyẹn.

Ọkùnrin yìí ní ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Mọ́tò tó bá tún ṣe, àárọ̀ ló máa ń dán an wò, kí oòrùn tó mú. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fi irin gbé e ró, á tan ẹ́ńjìnnì, á wá dúró tì í pẹ̀lú ife tíì kan lọ́wọ́. Á máa tẹ́tí, á máa fọwọ́ kan ibí, á fọwọ́ kan ọ̀hún. Tí tíì bá tán tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ìjà kankan, mọ́tò ti dáa nìyẹn. Wàá gbé e lọ. Tó o bá padà wá wí pé kò dáa, ìwọ lo ò mọ ọkọ̀ wà.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, gbogbo ilé sì ń pè é ní Dẹ́rẹ́bà, títí kan ìyá tó bí i. Iṣẹ́ Dẹ́rẹ́bà ni kó máa gbé àwọn arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lórí òkè, mẹ́rin mẹ́rin, ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Òkè náà gùn, ó sì dúró ṣánṣán. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà dénú. Àwọn arúgbó á máa bá a wí nítorí ọkọ tí kò tíì fẹ́, òun náà á ní kí wọ́n fi ọmọ wọn hàn án kó tó dáhùn.

Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ mọ́tò rẹ̀ lórí òkè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe ní ìsàlẹ̀ òkè náà, ẹni tó mú àsíá pupa á dá àwọn ọkọ̀ dúró bí ogún ìṣẹ́jú nínú oòrùn. Tí wọ́n bá wá ní kí wọ́n máa lọ, mọ́tò Dẹ́rẹ́bà á gbéra bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí àìsàn dìde. Tó bá dé kọ́nà tí ọ̀nà ti rọ́, á kú.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ó wọ ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, kò kúnlẹ̀ dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi, ó tún kú sórí òkè o."

"Ó kú? Ṣé o ti sin ín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré. Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn ní tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òun máa gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Ó ní àwọn arúgbó òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń já sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì."

Bàbá bọ́ síta lọ wo mọ́tò náà. Ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mọ́tò yẹn. Ó ti pààrọ̀ ohun tó ń fa epo. Ó ti fọ rédíétọ̀. Kò mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ lòun fi sílẹ̀ tóun ń pa làpálàpá.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bó ṣe máa ń ṣe, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó mu tíì rẹ̀ tán. Ohùn ẹ́ńjìnnì dùn.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe mọ́tò yìí," ó wí. "Ìwọ lò ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹsẹ̀ ẹ wúwo."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò kọ́ ẹ pé kó o dúró lé e lórí."

Ìyàwó rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn wọn kọjá pẹ̀lú àtẹ búrẹ́dì. Ó dúró, ó wo mọ́tò, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Dẹ́rẹ́bà, ṣé bó ṣe máa ń rìn nìyí? Tó la ẹnu sílẹ̀ báyìí?"

"Kí lo mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì?"

"Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ààrò ni mo mọ̀. Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ààrò sílẹ̀ gbayawu, tí mo wá kó ọwọ́ bọ̀ ọ́, tí mo ní kò gbóná, ṣé ẹ ò ní ní orí mi ti yí?"

Dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ mu omi, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó yọ irin tó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì ró, ó sì dé e.

"Ó dáa," ó wí. "Báwo la ṣe fẹ́ mọ bó ṣe rí níbẹ̀ báyìí?"

Ìyàwó rẹ̀ ní ohun kan tó fi ń wọn ooru ààrò. Ó ní ẹnu irin ṣóńṣó, ó ní wáyà gígùn, ó sì ní ojú kékeré tí nọ́ńbà ń yọ lára rẹ̀. Ó gbé e wá.

"Mi ò nílò ìyẹn," ni Afọwọ́wọ̀n wí. "Ọwọ́ mi tó."

"Ọwọ́ yín ò lè wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti dé, bàbá mi."

Bàbá na ọwọ́. Ó gba nǹkan náà. Ó so ẹnu rẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó gba ojú fèrèsé fa wáyà wọlé, ó sì dúró títí oòrùn fi mú. Lẹ́yìn náà ni Dẹ́rẹ́bà wà á yí àdúgbò ká, ó padà, ó dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù láì pa ẹ́ńjìnnì, bí ẹni pé ẹni tó mú àsíá pupa wà níwájú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ń wo nọ́ńbà bí àwọn tó ń ṣọ́ omi tó fẹ́ hó.

Nínú afẹ́fẹ́ ìta, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di àádọ́ta. Ó di ọgọ́ta. Kò dúró àfi ìgbà tó dé méjìléláàádọ́rin.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ó dé e padà. Ó tún gòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. 

Ohun tó mọ̀ lásìkò yẹn rèé. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí ọjọ́ ṣì tutù, àpótí ike tí fílítà afẹ́fẹ́ mọ́tò náà ń gbé ya. Ó yẹ kó wá òmíràn. Kò wá a. Ó yọ àpótí náà, ó yọ ọ̀pá gígùn tó fi ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ iná iwájú, ó wá fi fílítà roboto kan síbẹ̀ ní ìhòòhò. Ìbú ọwọ́ kan péré ló wà láàárín fílítà yẹn àti irin tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde. Páànù kan wà tó bo irin náà tẹ́lẹ̀. Ó ń dún wọnran wọnran, ó bí i nínú, ó yọ ọ́ jù nù. Lẹ́yìn tó ṣe èyí, mọ́tò náà ń bú ramúramù, ohùn rẹ̀ sì wù ú.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, kì í fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Ó dà bí omi ọbẹ̀ tí wọ́n bù fún ẹni tí ebi ń pa: ikùn á kún, agbára ò ní sí. Ojú àwo làwo fi ń gba ọbẹ̀. Ibi tí àwọn tó ṣe mọ́tò fi imú rẹ̀ sí, wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀.

Ó padà sí ojú fèrèsé.

"Èmi ni," ó wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni?" Dẹ́rẹ́bà bi í.

"Èmi ni mo bà á jẹ́. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹ."

Ọmọ náà yí ojú sí bàbá rẹ̀. Kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dáyé.

"Ẹ bá mi tún un ṣe, bàbá mi. Ọjọ́ Ajé ti dé tán."

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Afọwọ́wọ̀n lọ bá Wẹ́dà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jó irin ní òdìkejì títì. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ẹnu wọn kì í sinmi lára ara wọn.

"Àpótí lo ní kí n ṣe fún mọ́tò?" Wẹ́dà bi í. "Kí lo fẹ́ kó sí i?"

"Afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́! Mo ti ṣe àpótí aṣọ, mo ti ṣe àpótí irinṣẹ́. Àpótí afẹ́fẹ́, orí ẹ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n fi àgádágodo sí i, kó má baà sá lọ?"

"Gé páànù, jàre. Oòrùn ń lọ."

Wọ́n gé páànù, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n jó o pọ̀. Wọ́n fi rọ́bà yí etí òkè rẹ̀ ká, kó lè jẹ́ pé bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an ló máa dé e pinpin, tí ooru ò ní ráyè yọ́ wọlé. Afọwọ́wọ̀n yọ ọ̀pá kan lára mọ́tò tó ti kú sẹ́yìn ilé, ó fi fa afẹ́fẹ́ láti iwájú níbi tí atẹ́gùn ìta ti ń fẹ́, ó dorí ẹnu rẹ̀ kodò nítorí òjò. Ó ṣe páànù míì bo irin gbígbóná yẹn. Wẹ́dà fẹ́ so ó mọ́ irin náà gbàgbà.

"Rárá," ni Afọwọ́wọ̀n wí. "Jẹ́ kí ìka kan wà láàárín wọn. Tí wọ́n bá fara kanra, ooru á gbà á kọjá."

Ó wá fi aṣọ tí iná kì í jó we ọ̀pá èéfín láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dán an wò. Àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn tí ọkùnrin náà máa dán mọ́tò wò lọ́sàn-án, láìsí tíì lọ́wọ́, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì sì wà ní dídé. Lórí ìdúró, mẹ́rìnlélógójì. Nígbà tó ń rìn, mẹ́tàdínlógójì. Ìyàwó rẹ̀ gba ohun ìwọ̀n rẹ̀ padà, ó fi aṣọ nù ún, ó ní búrẹ́dì òun ń retí.

Àmọ́ nọ́ńbà kì í gun òkè. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, arúgbó mẹ́rin kún inú mọ́tò, àyè ò sí fún bàbá. Ó ti ṣáájú wọn. Ó fẹsẹ̀ rìn gun òkè náà, ó mú kẹ́ẹ̀gì omi kan àti okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀, ó jókòó sórí òkúta níbi tí ọ̀nà ti rọ́, ibi tí mọ́tò náà ti máa ń kú. Ó rí wọn nísàlẹ̀. Ẹni tó mú àsíá dá wọn dúró. Oòrùn ń jó páànù orí mọ́tò náà, ó ń dán. Afọwọ́wọ̀n di okùn náà mú. Ó ti tún ẹgbẹ̀rún mọ́tò ṣe, kò lọ dúró de ọ̀kankan lórí òkè rí.

Ó pẹ́ kí àsíá tó yí. Àwọn ọkọ̀ gbéra. Ti Dẹ́rẹ́bà ló ṣìkẹta. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Bàbá na etí, kò gbọ́ ramúramù kankan. Mọ́tò náà kàn ń gun òkè jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jẹun yó. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti rọ́, ó yí i, kò tiẹ̀ dẹwọ́. Dẹ́rẹ́bà kò dúró, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ìyá arúgbó kan ló yọ orí lójú fèrèsé.

"Bàbá olókùn! Kò sáyè o! Ẹ máa fẹsẹ̀ bọ̀!"

Wọ́n kọjá lọ. Bàbá dìde, ó fẹsẹ̀ bọ̀ lóòótọ́. Nígbà tó dókè, Mátírọ́ọ̀nù ti jáde, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ tètè dé lónìí," ó wí fún Dẹ́rẹ́bà. "Ní Ọjọ́bọ̀, èèyàn méje ni."

"Mẹ́rin ni mọ́tò mi gbà, mà."

"Mo mọ̀. Wá lẹ́ẹ̀mejì."

Ó sì wọlé. Òun náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá àti ọmọ nìkan, okùn wà lẹ́yìn. Dẹ́rẹ́bà ń súfèé. Ó wá dákẹ́.

"Bàbá mi, mọ́tò mélòó lẹ ti yọ àpótí fílítà rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mẹ́jọ, tìẹ kúrò ńbẹ̀."

"Ṣé àwọn náà ti wá ṣàròyé?"

"Mẹ́ta ti wá."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní ẹsẹ̀ wọn wúwo."

Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bàbá rẹ̀ ní kó máa wo ọ̀nà. Ẹ̀rín gba òun náà lẹ́nu kó tó di pé wọ́n délé.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó fọwọ́ kan sípánà kankan, ó pe tíṣà kan tó wà lára àwọn mẹ́ta yẹn lórí fóònù. Ó sọ bó ṣe rí. Kò fi iyọ̀ sí i.

"Ẹ dúró ná, bàbá," ni tíṣà wí. "Ṣé ẹ ní mo mọ ọkọ̀ wà?"

"O mọ̀ ọ́n wà. Gbé mọ́tò náà wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ lọ́jọ́sí, kò jẹ́ kí n sinmi mọ́ nínú ilé."

Afọwọ́wọ̀n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó kí obìnrin náà, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.