Alága Wa àti Ọ̀dà Funfun

Alága ẹgbẹ́ onílé wa ní Òkokomáíkò kì í jáde láìgbé agolo ọ̀dà funfun dání. Ó kun òkúta, ó kun òpó iná tí kò ní wáyà. Àgbò ọjà Àlàbá Rago kan dúró pẹ́ lójú títì, Alága kùn ún dé ìwo. Bí mo bá purọ́, ẹ bi àgbò náà.

Bẹ́ẹ̀, afárá pákó wa ti já. Èjìká la fi ń gbé àwọn ọmọ sọdá lọ síléèwé.

Mo ní, “Alága, afárá ńkọ́?”

“Ẹ fara balẹ̀. Ìjọba ń bọ̀ wá yan àdúgbò kan tí wọ́n máa ṣe é fún. Ṣé nínú ìdọ̀tí ni kí wọ́n ti bá wa?”

Ọ̀gá ìjọba dé, ó wò yíká, ó rẹ́rìn-ín.

“Àdúgbò yín mà dára o! Ẹ ò níṣòro kankan. Àwọn ará Ìbà, aládùúgbò yín, la máa ṣe afárá náà fún.”

Alága wa ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.