Ọdún Tí Àwọn Obìnrin Kọ Ebè Létí Odò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó ń wo fóònù, kó dákun kó gbé e sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó kún.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Àkúrẹ́ là ń gbé, ojú ọ̀nà Ìjù sì ni oko wa wà. Kòkó ló ń gbé àwọn bàbá wa níyì nígbà náà. Bàbá mi gbin kòkó, gbin kòkó, ó gbìn ín wọ oko iṣu, ó gbìn ín wọ ibi tí ìyá mi ń gbin ilá sí. Ó wá ku ilẹ̀ kékeré kan létí odò. Ìyẹn náà ló tún fẹ́ fi kòkó kún.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ yọ̀ǹda ọdún kan péré fún mi. Bí mi ò bá rí oúnjẹ níbẹ̀, kí ẹ wá gbin kòkó síbẹ̀."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, gbà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ebè fún ọ? Bí iṣu bá ta níbẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó rù ú wọ Ọjà Ọba!"

Ẹ jẹ́ kó yé yín: lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin ló ń kọ ebè; àgbàdo, ilá àti ẹ̀fọ́ ni ti obìnrin. Ṣùgbọ́n ìyá mi kó obìnrin márùn-ún jọ, wọ́n dá àáró. Lónìí, gbogbo wọn á ṣe oko ẹnì kan. Lọ́la, ti ẹlòmíràn. Ẹni tó ni oko ni yóò bọ́ àwọn yòókù. Àtẹ́lẹwọ́ wọn bó. Àwọn ọkùnrin tó ń kọjá a sì máa ké sí wọn pé, "Ẹ̀yin ìyàwó, ṣé ebè rèé àbí ẹ̀kọ tí kò dì?"

Oko ìyá mi ló kẹ́yìn. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, ibà dá a dùbúlẹ̀. Òjò ti ń ṣú, ilẹ̀ etí odò sì rèé: bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ẹrẹ̀ ni yóò dà, kò ní ṣeé kọ mọ́. Ọdún kan tó tọrọ fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń sunkún lórí ẹní. Àfi bí a ṣe rí àwọn obìnrin márààrún tí wọ́n ń kọjá lọ sóko, ọkọ́ léjìká. Mo gbé ọkọ́ ìyá mi, mo tẹ̀lé wọn.

Ó wá ku oúnjẹ. Bàbá mi ní òun á ra iṣu fún wọn. Ó dé Ọjà Ọba, kò rí ẹyọ kan. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu wá láti òkè kò tíì wọlé láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin tí àpò kòkó kún yàrá rẹ̀, gààrí ló gbé wá sóko!

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin náà wo abọ́, ó wo bàbá mi lójú. "Ọkọ wa, kòkó ṣáà pọ̀ nílé. Ẹ ò ṣe kúkú sè é fún wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá mi bọ́ ẹ̀wù, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó wọ inú ìlà. Kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó bọ́, ebè ti pé.

Iṣu ta! Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣu ta títí ebè fi là. Lọ́jọ́ tí a wà á, bàbá mi kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán òun létí. Níbi tí lọ́rì já wa sí, ó ká aṣọ ṣe òṣùká, ó gbé agbọ̀n rù, ó gba iwájú Ààfin wọ ọjà. Àwọn olóko kòkó ẹgbẹ́ rẹ̀ yanu.

"Ẹ̀yin kẹ̀! Iṣu ta nìyẹn?"

"Ti ìyàwó mi ni! Ẹ yà lọ́nà!"

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tọkùnrin tobìnrin ló ń dá àáró. Àbúrò ìyá mi tó wà nílé ọkọ ní ìlú Oǹdó wá kó èbù iṣu lọ, ó sì dá àáró tiwọn sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ayé ti yí. Ilé ti gba ibi tí oko wà, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì mọ oko tí iṣu inú ìkòkò wọn ti wá. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín oko kòkó. Wọ́n ti ta púpọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ilẹ̀ etí odò kò sí nínú ìpín. Bàbá ti sọ ọ́ láàyè pé àwọn tó ń dá àáró ló ni ín. Àwọn ọmọ tí obìnrin márùn-ún yẹn bí ló ń ro ó títí dòní, àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ tó ń gbé ní àdúgbò Ìjàpọ̀ nílùú wa sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Èmi kò jogún igi kòkó kan. Ipò ìyá mi nínú àáró ni wọ́n fún mi, oúnjẹ kò sì wọ́n mi rí.