Ìmọ́lẹ̀ Kì Í Pariwo

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ ìjàkadì tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ ló gba íkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, mọ́ mi lọ́wọ́ ní Jidà.

Yàrá kan ni èmi àti Àlàájì kan jọ ń gbé ní àdúgbò Karantínà. Òun wá ṣe Háàjì, kò padà sílé. Èmi wá ṣe Úmúrà, n kò padà. Nítorí pé a kò níwèé, òfin kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo. Bí a bá fẹ́ bú ara wa, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Ohùn là ń bẹ̀rù; kò sẹ́ni tó rántí ìmọ́lẹ̀.

Ìgbà tí Àlàájì wá ra tẹlifíṣọ̀n àlòkù, ó pa ohùn rẹ̀, ó sì ń wo ìjàkadì láti ìgbà tí a bá ti kírun Iṣáì tán. Kò níṣẹ́ òwúrọ̀. Oorun ọ̀sán ti yó o. Èmi níṣẹ́. Alágbàfọ̀ kan ní Járúwálì, ní Mẹ́kà, ti ṣèlérí pé bí mo bá fi ọjọ́ méje wá lọ aṣọ láì pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan, òun yóò ṣe íkámà fún mi. Ọkọ̀ tí èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn jọ ń wọ̀ lọ síbẹ̀ sì ń gbéra ní kété tí a bá kírun Àsùbáà tán.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, ojú mi ti pọ́n, orí ń fọ́ mi. Mo lọ bá dókítà kan, ọmọ ilẹ̀ wa, nílé rẹ̀. Ó ní ìpéǹpéjú kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, ó sì ń tan ara jẹ pé oòrùn kò tíì wọ̀. Ara tí kò bá mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú kò ní fẹ́ sùn, èyí tí kò bá sì sùn, àìsàn kò jìnnà sí i.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Àlàájì. Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ṣìnà wọ mọ́ṣáláṣí.

"Tíṣà," ni ó wí, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílé, "ṣé o gbọ́ ariwo? Ìmọ́lẹ̀ kì í pariwo. Kọjú sógiri."

Mo kọjú sógiri. Ògiri funfun báláú ni. Òun náà di tẹlifíṣọ̀n. Kí n má parọ́ fún yín, mo máa ń ṣọ́ òjìji tó ń jó lára rẹ̀, kí n lè mọ ẹni tó ń na ẹnì kejì.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà, mo fi aṣọ ìhúràmù mi, èyí tí mo fi ṣe Úmúrà, bo tẹlifíṣọ̀n náà. Àlàájì ṣí i. Mo tún bò ó. A di ara wa lọ́rùn aṣọ mú, a ń bú ara wa wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń ṣe àdúà.

"Ọ̀lẹ ni yín, Àlàájì," mo sọ fún un létí.

"Ìwọ tó níṣẹ́, sùn ká rí i."

N kò rí oorun sùn. Ìgbà tí mo máa gbójú kúrò lára ògiri, wọ́n ti ń pèrun.

Láàárọ̀ ọjọ́ keje, mo forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Lábẹ́ iwájú orí mi, kápẹ́ẹ̀tì rọ̀, ó sì ṣókùnkùn. Láti ọjọ́ mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú mi rí òkùnkùn gidi. Ìgbálẹ̀ tó kàn mí lẹ́sẹ̀ ló jí mi. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní òun rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo ń sunkún sí, òun kò fẹ́ dí mi lọ́wọ́. Oòrùn ti yọ. Ọkọ̀ ti lọ.

Mo sáré délé. Ẹní Àlàájì ṣófo. Aládùúgbò wa tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ pé Àlàájì ti jókòó sí àyè mi nínú ọkọ̀, pé Àlàájì ní òun ń lọ bá mi dá alágbàfọ̀ lóhùn. Tẹlifíṣọ̀n ṣì ń tàn láìpariwo. Mo pa á, mo sì sùn títí wọ́n fi pe Aláásàrì.