Omi Àna Tí Wọ́n Fi Fọ Mọ́tò

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju àmù ìyá mi lọ, ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa ayé ni pé a kì í da omi nù. Ẹ̀yin tí ẹ bá ẹ̀rọ omi nílé lè má mọ̀ ọ́n. Orí òkè ni Kétu wà, kànga wa jìn, ìsun omi sì jìnnà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àkùkọ kì í tíì kọ tí àwọn ìyá wa á ti gbé ìkòkò gba ọ̀nà abúlé Pankú, oòrùn á sì ti mú kí wọ́n tó padà dé. Omi tí a fi wẹ ọmọ la fi ń fọ ẹsẹ̀ àgbà, ìyókù la ó dà sídìí igi ọsàn. Lọ́jọ́ kan mo fi ẹsẹ̀ kọ igbá omi dànù. Ìyá mi kò nà mí. Ó kàn gbé igbá náà lé mi lọ́wọ́, ó tọ́ka sí ọ̀nà. Mo lọ, mo bọ̀, èyí tí mo gbé délé kò tó ìdajì.

Nítorí náà, ní agboolé wa, àlejò kò gbọdọ̀ jókòó kó tó mu omi. Bí ẹ bá gbé ọtí tó dára jù láyé fún un láìkọ́kọ́ bu omi, ẹ ti sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ ẹ nílé. Ti àna tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹbí ìyàwó kì í wọ ẹnu ọ̀nà ọkọ láìgba omi lọ́wọ́ ìyá ọkọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ wa gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ni mo parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì ní Dakar, tí mo sì wálé wá gbéyàwó. Ọmọ Òpómẹ́ta, ìlú kan nítòsí wa, ni ìyàwó mi. Èmi fúnra mi ni mo kó ọtí tí a óò mu jọ. Mo ra bíà àti ọtí pupa ilẹ̀ Faransé ní Àjàṣẹ́, mo ra limonáàdì fún àwọn ọmọdé àti àwọn mùsùlùmí, mo sì gba sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu, lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní Pankú. Yàrá tí bàbá mi ń kó àgbàdo sí ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Kò sí yìnyín tó lè ti Àjàṣẹ́ dé Kétu láìyọ́, nítorí náà a da iyanrìn sílẹ̀ yàrá, a ri ìgò mọ́ ọn títí dé ọrùn, a sì ń wọ́n omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀wà sí i ní àràárọ̀. Ọtí náà tutù bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́.

Ṣùgbọ́n omi mímu ni iṣẹ́ ńlá. Ìyá mi to àwọn àmù sẹ́yìn ilé. Gbogbo ìyàwó ilé tó bá ti ìsun dé, á bu igbá kan nínú èyí tó rù wá, á dà á síbẹ̀. Igbá kan, igbá kan, títí àwọn àmù náà fi kún. Ìyá mi fi aṣọ funfun bo ẹnu wọn.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kàwé ní Dakar. Ìjọba tuntun ti fi í sípò ní Kùtọnú, wọ́n fún un ní mọ́tò dúdú àti awakọ̀. Òun ni mo ní kó bójú tó ọtí. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó yọjú sí yàrá, ó ní, "Ọkọ ìyàwó, ṣé iṣu lo gbìn síbí?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ó rí àwọn àmù, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ta ló fẹ́ wẹ̀?" Ìyá mi fi ẹnu ara rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Omi àna ni, ọmọ mi."

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì; òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró ti ọtí nílé. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará Òpómẹ́ta mú ìyàwó lọ sí ilé tàǹtí rẹ̀ kan ní Kétu, kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ sìn ín wá sílé wa. Bí mo ṣe dé iwájú agboolé, mọ́tò ọ̀rẹ́ mi kọ mànà sí mi lójú. Eruku pupa ara rẹ̀ ti lọ. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rin, adìẹ ń mu níbẹ̀. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé. Ìyá mi dúró, ó dorí igbá kodò. Aṣọ funfun wà nílẹ̀. Omi àmù tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n fọ mọ́tò tán, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ mi ti fi wẹ̀.

"Mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí ìyàwó rẹ lè jókòó sínú ohun tó mọ́," ọ̀rẹ́ mi wí.

"Ìyàwó kò ní wọ mọ́tò! Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sìn ín bọ̀!"

"Nítorí omi lo ṣe ń pariwo? Bíà kún yàrá. Fún wọn ní bíà, orí wọn á wú."

"Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó tó ń kó wọn bọ̀!"

"Fún un ní limonáàdì. Ìwọ tó o ti dé Dakar, o ṣì ń bẹ̀rù ará oko?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú ti bí mi rí, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà yàtọ̀. Kò ṣèèṣì. Ìyá mi ti sọ fún un. Òyìnbó amúnisìn tó ti lọ, tó bá fẹ́ omi, àṣẹ ló máa ń pa pé kí a pọn ọ́n wá. Ìkà ni, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó mọ̀ pé orí ènìyàn ni omi náà gbà dé. Ọmọ tiwa yìí, tí ìyá tirẹ̀ náà ń pọn omi lábúlé, kò tilẹ̀ bèèrè.

Mo wọ yàrá ọtí, mo lé àwọn tó ti ń ṣí ìgò jáde, mo fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, mo sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Mo ní ahọ́n ẹnikẹ́ni kò ní kan ọtí nílé yìí títí omi àna yóò fi dé. Àwọn ará Kùtọnú rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé àga ti ilẹ̀kùn tí mo jókòó lé e, ẹ̀rín dá.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ orin àwọn àna. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó mi ké sí wa pé, "Ẹ̀yin àna, a ti dé o. Ẹnu wa gbẹ." Ìtìjú kò jẹ́ kí ìyá mi lè jáde. Èmi ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ tòun ti aṣọ ìgbéyàwó.

"Bàbá," mo ní, "omi yín wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi fọ mọ́tò."

Bàbá náà rìn yí mọ́tò po, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. "Ó mọ́ o," ó ní. "Ó mọ́ ju ojú ọmọ jòjòló lọ. Àlejò kan ti mu tiwa ṣáájú wa." Ó wá sọ pé àwọn yóò jókòó sábẹ́ igi ìta. Bí oòrùn bá wọ̀ tí omi kò dé, ọmọ àwọn yóò bá àwọn padà sí Òpómẹ́ta. Mo wo ìyàwó mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo padà tọ ọ̀rẹ́ mi lọ. "Mọ́tò tó mu omi ni yóò lọ pọn ọ́n," mo ní. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ, ó wo àpò mi. Àwọn ìyàwó ilé ti ń to gárawa sórí àga aláwọ inú mọ́tò kó tó fèsì. Èyí tó bá wọn lọ júwe ọ̀nà ló ròyìn fún wa pé mọ́tò kò lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìsun. Ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ àti awakọ̀ ló ń ru omi gun òkè, omi ń ṣàn sí i nínú kóòtù. Nígbà tí wọ́n dé, oòrùn ti pọ́n, mọ́tò náà sì pọ́n ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ.

Ìyá mi bu omi. Bàbá náà mu, ó gbé igbá fún ìyàwó mi, ó sì sọ pé, "Ẹ wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń mu ohun kíkan." Mo ṣí i.

Ọ̀rẹ́ mi mu bíà mi yó lọ́jọ́ náà, kò sì bẹ ìyá mi títí ó fi lọ. Ó di ẹni ńlá lẹ́yìn náà. Mo gbọ́ pé ó máa ń fi ọ̀rọ̀ náà dá àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, pé òun ní ọ̀rẹ́ ará oko kan tó ti ọtí mọ́lé nítorí omi. Bí mo bá ti rántí báyìí tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìyàwó mi á ní, "Bàbá wọn, ẹ bu omi mu." Ó ti re ọ̀run báyìí. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún mi mọ́.

Ayé ti yí. Omi ti wọ Kétu, mo sì dúpẹ́ pé ọrùn àwọn ọmọbìnrin wa ti sinmi. Ṣùgbọ́n níbi ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ mi láìpẹ́ yìí, omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń pín. Wọn á já a, wọn á fà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn á sọ ọ́ nù. Kò sí ẹni tó bu omi fún àna. Mo wá rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ń já ọ̀rá omi lọ́kọ̀ọ̀kan dà sára táyà mọ́tò rẹ̀.

Mo fi ọ̀pá dìde. Mo bèèrè pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọtí ló ń wù mí. Ìyàwó tuntun fúnra rẹ̀ ló wá di apá mi mú.

"Bàbá àgbà," ó ní, "ọtí ò sí ní yàrá kankan. Ìta ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò sí ilẹ̀kùn."